Ohun Tí Ọmọ Náà Sọ Lọ́jọ́ Ọdún

"Ọmọ náà dìde láàárín gbogbo wa, ó ní ìyá òun..."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ẹnu ara rẹ̀ ni. Ọ̀bùn. Ó là á mọ́lẹ̀. Mo tún ní kó tún un sọ, ó sì..."

"Ẹni tó ń sùn tì í lálaalẹ́ nìyẹn o. Àbí ẹ̀yin ò gbóòórùn..."

Ẹ̀rín gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì.

Ìyá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, bàtà kejì lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn alájà mẹ́rin dé ilé Aránṣọ ni. Ibẹ̀ ni àwọn díẹ̀ tí wọ́n jọ ti ilé wá, tí wọ́n jọ ń gbé ìlú àjèjì yìí, máa ń kó ọmọ jọ sí ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ti ìyá wọn. Ó mọ ohùn méjèèjì. Onídìrí, tó ń bá a di irun àwọn ọmọ rẹ̀, ni èkíní. Èkejì ni ìyàwó Aránṣọ.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wẹ̀ wọ́n, kó nù wọ́n nídìí, kó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá kan bì sí i léjìká, èébì ọ̀hún gba ọrùn aṣọ wọlé dé àyà rẹ̀. Kò kó o nírìíra. Ó ní "pẹ̀lẹ́, bàbá," ó nu bàbá náà lẹ́nu kó tó nu ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó fi ọṣẹ apakòkòrò bó ọwọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yìí jáde, tòun ti ìró ẹnu tó ń họ ẹran lára eegun, kó o nírìíra.

Tàwọn obìnrin náà tilẹ̀ kéré. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ẹnu iṣẹ́ lọdún bá a. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì jókòó ti fèrèsé títí oorun fi gbé wọn lọ. Nítorí ìyẹn ló ṣe fi ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta bẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́, kó lè bá a gba wákàtí tó kù lónìí. Nígbà tó ń ya irun àkọ́bí rẹ̀ lánàá ló ṣèlérí fún un pé kó tó di aago méjì, òun á ti dé. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá rèé. Ó dé, ọ̀bùn ló sì dé.

Ó bọ́ bàtà kejì, ó wọlé. "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" gba yàrá kan. Onídìrí ti ilé ìdáná jáde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ọ̀rá ẹnu.

"Àbúrò mi, iṣẹ́ ò ní pa yín o." Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ló ń fa báàgì tirẹ̀ mọ́ra kúrò lórí àga tó wà láàárín wọn. Ó rọra ṣí fèrèsé, nínú òtútù yẹn.

Ìyàwó Aránṣọ gbé ìrẹsì wá. Àwo tánganran ló wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Abọ́ pépà tí wọ́n ń jù nù ni ti ìyá. Ó ní kó má bínú, àwo ti tán. Mẹ́ta sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù níwájú wọn, wọ́n mọ́ tónítóní.

Àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, já kúrò láàárín àwọn ọmọdé, ó na apá méjèèjì, ó ń sáré bọ̀. Ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ dá a dúró láyà.

"Má fọwọ́ kàn mí," ó rọra sọ. "Ṣé mi ò ní kó ọ nírìíra?"

Ọmọ náà dúró. Apá rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó gbé nǹkan, tí wọn ò sì gbé e fún un.

Ìyá ní àwọn ń lọ. Aránṣọ, bàbá àgbàlagbà tó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, bẹ̀ ẹ́ títí kó jókòó. Nígbà tó rí i pé kò gbà, ó lọ gbé àbúrò tó ti sùn lọ sórí àwọn àjákù aṣọ, ó ní òun á bá wọn gbé e délẹ̀.

"Ọ̀wù mi," àkọ́bí sọ lórí àtẹ̀gùn, ó ń nawọ́ sí ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ẹ̀wù," ìyá rẹ̀ tún un ṣe, bó ṣe ń tún un ṣe lójoojúmọ́, láì wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé àjà kejì, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó bi ọmọ náà léèrè ohun tó sọ nípa òun. Èdè ilé-ìwé lọmọ fi dáhùn, pé òun ò sọ nǹkan burúkú kankan. Ìyá ní kó fi Yorùbá sọ ọ́, bó ṣe sọ ọ́ lókè. Omi bọ́ lójú ọmọ náà.

Aránṣọ dúró lókè wọn, itọ́ àbúrò ń ṣàn sí i léjìká. "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá wa. Èmi ni mo bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè. Ọ̀kan ní bàtà, ọ̀kan ní kẹ̀kẹ́. Ó wá kan tirẹ̀." Ó tẹ̀ sí ọmọ náà. "Ọmọ mi, ìbéèrè wo ni mo bi ọ́?"

Ọmọ náà fa imú. "Ẹ ní, 'Kí ni ọ̀bùn ọdún tìẹ?'"

Ìyá di irin àtẹ̀gùn mú. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lánàá, bí òòyà ti ń lọ tó ń bọ̀: lọ́dún yìí, kò sí ẹ̀bùn láti ṣọ́ọ̀bù, èmi gan-an ni ẹ̀bùn yín.

"Èsì tí mo fún wọn..." ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ẹnu sí etí ìyá rẹ̀, ó sọ ìyókù síbẹ̀.

Ìríra tó gbé sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin ṣẹ́rí, ó bà lé àtẹ́lẹwọ́ tó fi ti ọmọ yìí láyà. Ó wo ọwọ́ ọ̀hún bí ẹni tí kò ní fẹ́ fi jẹun mọ́.

"Bàbá, Onídìrí wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ béèrè?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó gbọ́ ìbéèrè, ó gbọ́ èsì. Òun ló ní kó tún un sọ. Mo rò pé ó ń bá a yọ̀ ni."

Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó gun àtẹ̀gùn padà. Ó mú àwo tánganran kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó da ìrẹsì abọ́ pépà sínú rẹ̀, ó jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ Onídìrí, ó gbé ọmọ lé itan. Ọmọ náà kọ́kọ́ le gan-an lórí itan náà. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn tì í.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ ohun tí ọmọ mi sọ."

Onídìrí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà. Ọ̀rọ̀ ọmọdé, eré la fi ń ṣe."

"Odindi ẹ̀ ni mo ní kí ẹ sọ, Àǹtí, kì í ṣe ibi tó dùn mọ́ yín lẹ́nu."

Ìyàwó Aránṣọ dìde, ó lọ ti fèrèsé. Onídìrí ń wo eegun inú àwo rẹ̀.

"Ó jọ pé ẹ ti gbàgbé," ìyá sọ. Ó sì fi ahọ́n ọmọ náà gan-an sọ ọ́, kò tún ohunkóhun ṣe níbẹ̀:

"'Màmá mi ni ọ̀bùn mi. Ó ń bọ̀ ní aago méjì.'"