Ìbọn Tí Olúfúnkẹ́ Yàn ní Brescia

Bí ẹnì kan bá sọ fún Olúfúnkẹ́ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wọ ọkọ̀ ojú irin láti Padova lọ sí Brescia nítorí àtiyan ìbọn, ì bá ní kí onítọ̀hún tètè lọ bá pásítọ̀ kó gbàdúrà fún un. Ìbọn kẹ̀! Obìnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yìnbọn nínú fíìmù, á ti máa wá rìmóòtù kiri, á máa ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" bí ẹni pé ọta máa ti inú tẹlifíṣọ̀n já sórí àga òun. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé òun mọ ohun tí òun ò lè ṣe nítorí ọmọ? Láàárọ̀ Sátidé yìí, Olúfúnkẹ́ náà ló jókòó ti fèrèsé ọkọ̀, báàgì lórí itan, tó ń lọ yan ìbọn.

Olúwatómisìn ọmọ rẹ̀ ló jókòó síwájú rẹ̀. Òun nìkan ni Olúfúnkẹ́ àti Adérẹ̀mí ọkọ rẹ̀ bí. Ó ń lọ sí yunifásítì ní Padova, ilé àwọn òbí rẹ̀ ló sì ṣì ń gbé. Ọ̀rẹ́ kan níléèwé ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, ló bá di pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ní í lọ. Wọn ò pa nǹkan kan níbẹ̀ o. Àwọn ẹran tí wọ́n fi irin ṣe ni wọ́n ń tò kalẹ̀: adìẹ irin, ẹlẹ́dẹ̀ irin, tòlótòló irin, àgbò irin. Èèyàn á nàró lókèèrè, á máa yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi ṣubú. Ìbọn tí wọ́n ń lò kéré, ó sì ní irin kan lábẹ́ tí wọ́n ń pè ní leva. Bó o bá yìn ín tán, wàá ki ìka bọ leva náà, wàá fà á sísàlẹ̀, wàá dá a padà, ọta mìíràn ti wọlé nìyẹn.

Ìbọn ẹgbẹ́ tó ń kọ́ wọn ni Tómisìn ti ń yá lò. Wọ́n wá mú un mọ́ àwọn tó máa ṣojú ẹgbẹ́ nínú ìdíje kan ní Torino, wọ́n sì ní kí oníkálukú mú ìbọn tirẹ̀ wá. Ìwé àṣẹ ti jáde. Ohun tó kù ni pé inú ilé ìyá rẹ̀ ni ìbọn náà máa sùn, ìyá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: "Kò sí ìbọn tó máa sùn nílé mi tí mi ò fojú ara mi yàn. Bí mi ò bá rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, ó parí." Bó bá sì parí lóòótọ́, ẹlòmíì ló máa lọ sí Torino.

Kí n má parọ́, kì í ṣe ìbọn gan-an ló gbé Olúfúnkẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tó yẹ kó fi sinmi iṣẹ́ tó ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ yẹn ti dákẹ́ jù. "Báwo niléèwé?" "Tutto bene." "Ṣé o jẹun?" "Sì." "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti àná?" "Nessuno, Mummy." Kò sẹ́nì kankan nìyẹn. Kó kí wọn, kó wọ yàrá, kó pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mummy, vieni con me," pé kó bá òun lọ, ṣé ìyá á ní òun ò lọ ni? Bó jẹ́ kìnnìún ni wọ́n fẹ́ lọ yàn, Olúfúnkẹ́ á bá a lọ.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí wọ́n wọ̀ ní Brescia kì í ṣe ọkùnrin onírùngbọ̀n tí Olúfúnkẹ́ ti ń rò. Ìyá àgbà kan ni, orí rẹ̀ funfun báláú, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Signora Ornella ni wọ́n ń pè é. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jókòó.

"Èyí tó kéré jù tí ẹ bá ní ni kí ẹ mú wá," ni Olúfúnkẹ́ wí, kó tó fìdí kalẹ̀ tán.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó fi ọta kan sí i látẹ́lẹwọ́. "Ventidue, ìwọ̀n ọta kejìlélógún, ni gbogbo wọn, signora. Kò sí èyí tó kéré jù ú lọ níbí." Olúfúnkẹ́ wò ó. Kò ju hóró ẹ̀wà méjì tí wọ́n tò mọ́ra lọ. Ó dá a padà kíá, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Ìbọn mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ síwájú wọn. Èyí àkọ́kọ́ gùn gbọọrọ, irin rẹ̀ sì nípọn. Tómisìn gbé e, ó wúwo fún un. "Gbé e sílẹ̀, kó má lọ yẹ̀ ọ́ léjìká," ni ìyá rẹ̀ wí. Èkejì kúrú, igi ìdí rẹ̀ dúdú, wọn ò ya nǹkan kan sí i lára, ó kàn dúró bẹ́ẹ̀. Olúfúnkẹ́ ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta ló gbà á lọ́kàn. Ẹnì kan ti lò ó rí, ṣùgbọ́n ó ti tọ́jú rẹ̀. Igi ìdí rẹ̀ pupa, wọ́n gbẹ́ òdòdó sí i, ó ń dán, wọ́n sì gbẹ́ ibì kan yọ níbi tí èèyàn máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì. Olúfúnkẹ́ fi ọwọ́ pa á bó ṣe máa ń fọwọ́ pa léèsì kó tó gbà pé ojúlówó ni. Ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, obìnrin tó mọ nǹkan rà ni.

"Èyí ni," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé ìbọn gbọ́dọ̀ wọlé mi, kó jẹ́ èyí tó ṣeé wò."

"Va bene, Mummy," Tómisìn gbà wẹ́rẹ́. Wẹ́rẹ́ yẹn ti yá jù, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò fura.

Signora Ornella ní kó gbé e sí èjìká kí àwọn wò ó. Tómisìn gbé e sí èjìká ọ̀tún. Bó ṣe gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ọrùn rẹ̀ wọ́ kọjá igi náà sápá kejì, bí ẹni tó ń yọjú wo àgbàlá aládùúgbò. Ojú ọ̀tún ló pa dé, ojú òsì ló fi ń wò. Ìyá àgbà wò ó, ó wo igi tí wọ́n gbẹ́ yọ, ó tún wò ó.

"Sei mancina?" ló bi í. Ṣé òsì lò ń lò?

Kí Tómisìn tó fèsì, ó kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀. "No," ló wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí kẹ́ ẹ tó bínú sí Olúfúnkẹ́. Láti ọjọ́ tí Tómisìn ti lè di ṣíbí mú ló ti ń fi òsì mú un. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí Olúfúnkẹ́ dàgbà sí, ta ni yóò fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà kó máà jẹ ìgbátí? A kì í fi òsì kíni, a kì í fi í jẹun, a kì í sì í fi í júwe ilé bàbá ẹni. Ni Olúfúnkẹ́ bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí ọmọ lọ́wọ́ òsì nígbàkígbà tó bá fẹ́ jẹun, á sì fi okùn so ó. Tíṣà asilo, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi tó ń lọ, pè é, ó ní, "Signora, ẹ fi í sílẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn." Olúfúnkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó délé, ó so ó le sí i. Adérẹ̀mí náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan: "Ìyá Tómisìn, ṣebí òsì ló ń wẹ ọ̀tún." Ó ní, "Ó dáa. Bá a bá dé ilé tó na òsì sí ìyá rẹ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa ní kò kọ́mọ?" Ìfẹ́ ni o, ẹ má ṣì í mú. Ẹ̀rù ló ń bà á kí wọ́n má lọ máa pe ọmọ òun ní àlejò nílé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Tómisìn fi ọwọ́ ọ̀tún kọ orúkọ ara rẹ̀, Olúfúnkẹ́ jáde síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀, lójú tirẹ̀.

Àfi ojú tí ọmọ yẹn fi wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Olúfúnkẹ́ mọ ojú yẹn dáadáa. Ojú tí àwọn arúgbó tó ń tọ́jú fi máa ń wò ó nìyẹn, bí wọ́n bá tọ̀ sára tí wọ́n fẹ́ sọ pé àwọn ò tọ̀. Ọmọ tirẹ̀, ọmọ ogún ọdún, ló ń wo òun bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ìyá àgbà ò mọ ohun tó ń lọ, ó ń ṣàlàyé tirẹ̀. Ó ní fún àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n gbẹ́ igi pupa yẹn, pé bí ọlọ́wọ́ òsì bá gbé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní í ríbi fara tì, kò sì ní í lè yin adìẹ irin kan ṣubú láéláé. Ó ní ti leva ò ṣòro, abẹ́ ló wà, ọwọ́ tó bá wuni lèèyàn lè fi fà á. Igi ni kí wọ́n ṣọ́ra fún.

"Signora," ni Olúfúnkẹ́ wí, "irọ́ ló ń pa fún yín. È mancina. Bí mo ṣe bí i nìyẹn." Ó wá kọjú sọ́mọ rẹ̀. "Gbé dúdú yẹn."

"Mummy, mi ò..."

"Fi òsì gbé e, mo ní."

Tómisìn gbé ìbọn dúdú náà sí èjìká òsì. Ọrùn rẹ̀ ò wọ́ mọ́. Ó fa leva, ó dá a padà, ó fà á, ó dá a padà, ṣá-ṣá, ṣá-ṣá, ẹnu ìbọn ò mì. "Ecco," ni ìyá àgbà wí, inú rẹ̀ dùn. Inú Olúfúnkẹ́ náà dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rí ohun tó ń wò. Èyí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan. Ó pẹ́ tí ọwọ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n sọ pé dúdú yẹn làwọn fẹ́, pé Adérẹ̀mí á wá fi ọkọ̀ gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin padà.

"Ìgbà wo lo ti ń fi òsì yìn ín?" ni Olúfúnkẹ́ bi í.

"Dall'inizio." Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

"Ìwé ńkọ́? Ọwọ́ wo lo fi ń kọ̀wé ní yunifásítì?"

Tómisìn wolẹ̀. "Òsì ni, Mummy. Láti ìgbà tí mo ti wà ní scuola media, iléèwé girama kékeré. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Tutti." Gbogbo èèyàn. "Papà náà mọ̀."

Háà! Adérẹ̀mí! Olúfúnkẹ́ ti fa fóònù yọ kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ tó máa sọ ti pé lẹ́nu rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i tí ojú ọmọ rẹ̀ tún fẹ́ máa pa dé bí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó dá fóònù padà sínú báàgì. Ó dùn ún, ó dùn ún wọ egungun. Ìyá àgbà òyìnbó tí ò rí ọmọ yẹn rí, kò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fi mọ ọwọ́ rẹ̀. Òun tó lóyún rẹ̀ ni ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún tó torí rẹ̀ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àṣé òun nìkan ni ọmọ náà ń lò ó fún.

"Tómisìn."

"Mummy."

"Yàtọ̀ sí ti ọwọ́, kí ni mi ò tún mọ̀?"

Ọkọ̀ dúró ní Desenzano, èèyàn bọ́ sílẹ̀, èèyàn wọlé, ó tún gbéra.

"Ó pọ̀, Mummy," ló wí níkẹyìn.

"Kò burú. Mi ò ní í pariwo." Olúfúnkẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ó mọ ara rẹ̀. "Bí mo bá wá pariwo, jẹ́ kí n pariwo tán, kó o máa bá a lọ."

Tómisìn wo ojú ìyá rẹ̀ dáadáa, ó ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ó yọ ohun tó kì sétí, ó fi sápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n, láti orí èyí tó rọrùn jù láti sọ.