Bàbá Onírin àti Ọ̀gbẹ́ni Ike

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe ń rí nígbà tó bá wọ aṣọ iṣẹ́, tó fi epo ẹ́ńjìnnì para, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírin. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ o. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ìyànà, á ti sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ mi ò mọ ẹni tó wí fún un pé ó mọ̀ ju àwọn tó ṣe ọkọ̀ lọ, torí láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ọ, kò jẹ́ ká sinmi mọ́.

Ọ̀tá kan ṣoṣo tó ní láyé ni ike. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi ike ṣe nínú ọkọ̀, ìbáà ṣe ìdérí, ìbáà ṣe ìkọ́, ìbáà ṣe fáànù kékeré tó ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì, Bàbá Onírin á yọ ọ́ dànù, á fi irin ṣe òmíràn sípò rẹ̀. Ó gbé pákó ńlá kan kọ́ sára ògiri, ó kan gbogbo ike tó ti kán mọ́ ọn, ó sì kọ ìwé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Èyí dákú lórí afárá." "Èyí dákú lọ́jọ́ ìsìnkú." "Èyí dákú níwájú ilé àna." Oníbàárà tuntun ò ní tíì fìdí kanlẹ̀ tí á ti mú un lọ síwájú pákó yẹn.

"Ṣé ẹ rí i?" á ní. "Àwọn kan ló jókòó sí yàrá tútù tí wọ́n ya èyí. Wọn ò wakọ̀ rí kọjá láti ilé dé ibi iṣẹ́."

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà lókè eèpẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀yà ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ yàn láàyò. Lọ́jọ́ tó sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ó ń ya kí ni?"

"Ẹ̀yà ọkọ̀, Bàbá."

"Onírin àbí oníke?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo àwo oúnjẹ.

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá Onírin wí. Láti ọjọ́ náà, kò pe ọ̀dọ́kùnrin yẹn lórúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ike ló ń jẹ́, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Fúráìdè kan, Nọ́ọ̀sì àti ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni. Ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ rà fún un ni wọ́n máa gbé. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá Onírin fi tún un ṣe, tó ń yọ ike, tó ń fi irin sí i, tó ń kọrin lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Wọ́n gbéra ní aago méjìlá ààbọ̀. Kí Nọ́ọ̀sì tó lọ, ó ti ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé kó lọ bá bàbá òun ní ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ wọn tán kí òun tó dé, torí ọ̀rọ̀ ike ti sú òun.

Ọ̀gbẹ́ni Ike dé. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun débi pé ó dà bí ìwọ̀sí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán. Má fara kan ògiri, á bà ọ́ láṣọ jẹ́." Bàbá Onírin mú un tààrà lọ síwájú pákó, ó tọ́ka sí fáànù omi tí gbogbo etí rẹ̀ ti jẹ. "Ta ló ya èyí?"

Ọmọkùnrin náà wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. "Ilé iṣẹ́ wa ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jàre. Èyí ò dáa. Ooru ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ ẹ́, a sì mọ̀. Àwọn ọ̀gá wa ló ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Háà! Inú Bàbá Onírin dùn débi pé ó nu àga fún un. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ṣe adájọ́ níwájú pákó yẹn, kò rí ọ̀daràn kan kó wá jẹ́wọ́ rí. Ó ní kí ló máa mu. Ó pè é ní "ọmọ mi" lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ara rẹ̀ sì yà á. Nínú ayọ̀ yẹn ló ti ki ọwọ́ bọ àpò, tó yọ ike méjì jáde, tí wọn ò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí tiẹ̀ burú o," ó ń rẹ́rìn-ín. "O mọ ibi tí mo ti rí èyí? Nínú irin sítíárìn! Irin méjì, ọ̀kan ki orí bọ inú èkejì, ike méjì yìí ló wá so wọ́n pọ̀. Sítíárìn tí ènìyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́! Ó ń mì díẹ̀ ni mo fi tú u. Mo yọ gbogbo pálapàla yìí, mo fi bóòtù irin sí i, mo tún fi iná jó o pọ̀ yíká. Àfàìmọ̀ kí ó má ṣe é gbé ilé dúró."

Ọ̀gbẹ́ni Ike ò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ta ni, sà?"

"Ọkọ̀ ìyàwó ẹ! Tàbí ìwọ ò tíì mọ̀ pé mo ti gbà?"

Ìròyìn ayọ̀ rèé o, oṣù mẹ́jọ ni ọmọkùnrin yìí ti ń dúró dè é, àmọ́ kò ráyè yọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Kí wọ́n dúró. Ike yẹn, a ṣe é kó kán ni."

"A ṣe kí ni kó kán?"

"Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ike yẹn á kán, irin kan á wọnú èkejì, sítíárìn á kúrú. Bí kò bá kán, irin gbọọrọ yẹn ò níbòmíì tó máa gbà. Àyà ẹni tó ń wakọ̀ ló máa bá."

Bàbá Onírin wò ó bọ̀ọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọmọ yìí fẹ́ fi àrékérekè bo ilé iṣẹ́ wọn láṣìírí. Ta ló ń ṣe nǹkan kó lè bàjẹ́? Ṣé wọ́n ń ran ṣòkòtò kó lè ya ni? Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́, ni ọmọkùnrin náà bá bi í bóyá ó ní ọkọ̀ kankan tó ti forí sọ nǹkan rí.

Ó ní in. Ọkọ̀ Tíṣà, oníbàárà rẹ̀ kan, wà lẹ́yìnkùlé, èyí tó gbá igi lọ́dún tó kọjá. Iwájú ọkọ̀ náà rún wómúwómú, síbẹ̀ Tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, egungun èjìká nìkan ló fi ṣèṣe. Gbogbo àdúgbò ló dúpẹ́. Bàbá Onírin ra òkú ọkọ̀ yẹn láti máa tú u tà díẹ̀díẹ̀, àìmọye ìgbà ló sì ti fi sítíárìn rẹ̀ dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín pé ẹ wo irin tó sún kì bí aláǹgbá tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ wá abẹ́ sítíárìn. Irin kan ti wọnú èkejì ní ìwọ̀n ọwọ́ kan àti ààbọ̀. Ìdí ike méjì ṣì wà nínú ihò wọn, wọ́n kán ní déédéé. Ó wọn àyè tó wà láàárín sítíárìn àti àga Tíṣà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Ó wá fi ọkàn wọ̀n ọ́n bí ì bá ṣe rí ká ní òun ti bá Tíṣà jó irin náà pọ̀.

Ẹ̀rù bà á. Epo ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé fóònù yọ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí i tẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. "Bàbá wọn, kí ló tún dé? Ẹ̀ẹ̀kẹta tẹ́ ẹ máa pè rèé láti ìgbà tá a ti kúrò nílé. Sítíárìn yín ò mì. Ó le gbagidi. Ṣé ó tó?"

"Ẹ dúró."

"Níbo?"

"Níbi tí ẹ bá wà. Ẹ ṣáà dúró, mo fẹ́ wo nǹkan kan."

Ó gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì: "Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé tá a bá débẹ̀, a máa dúró. Ìgbà wo ni wọn ò fẹ́ wo nǹkan?"

"Ṣé ẹ gbọ́ ọmọ yín?"

Ó gbọ́. Ó tún ń gbọ́ ìró àwọn ọkọ̀ ẹrù ńlá tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, vùù, vùù. Ó ní bóyá bíréèkì ló fẹ́ wò. Ìyàwó rẹ̀ ní bíréèkì dáa. Ó ní táyà ńkọ́. Táyà náà dáa. Àbí ẹ ò rí irú èèyàn báyìí! Ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ wà lórí títì, ó ṣì ń wá irọ́ tí kò ní bu iyì òun kù. Ọ̀gbẹ́ni Ike dúró tì í, ó ń wò ó.

"Èmi ni," ni Bàbá Onírin wí níkẹyìn. "Mo ṣe àṣìṣe. Èmi ni mo ba ọkọ̀ yẹn jẹ́."



"Ọmọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí, kì í ṣe òun ló ń bá sọ̀rọ̀. "Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Rọra o, àmọ́ yà báyìí."

"Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá yín ní àwọn ṣe àṣìṣe. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà nílé wọn, etí mi ò gbọ́ ọ rí. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ yìí, nǹkan ńlá ni."

Ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ike ni wọ́n gbé lọ bá wọn. Ike ni láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bàbá Onírin kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, ó ní, "Èwo ló yẹ kó kán nínú èyí?"

"Ó pọ̀, Bàbá."

"Èwo ni kò yẹ kó kán?"

"Ìyẹn náà pọ̀."

"Báwo ni mẹkáníìkì ṣe máa wá mọ̀ ọ́n?"

"Ó yẹ ká kọ ọ́ sí i lára. A ò kọ ọ́. Àwa tá a yà á rò pé gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ẹ ò ṣe dáadáa," ni Bàbá Onírin wí, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń bú wọn tẹ́lẹ̀ ò sí ńbẹ̀ mọ́.

Wọ́n bá àwọn obìnrin méjèèjì tí wọ́n jókòó lórí àpò ẹrù wọn, lábẹ́ igi kan lẹ́bàá títì. Bàbá Onírin di ọmọ rẹ̀ mú, epo ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ ọmọ, kò sì sẹ́ni tó bínú. Ọ̀gbẹ́ni Ike ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wọn, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àwọn tí wọ́n bá gbé wá láti ibi ìjàǹbá ọkọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé ohun tí sítíárìn lè fi àyà ṣe fún un.

"Bàbá," ó ní, "ta lẹ tún ṣe irú ẹ̀ fún?"

Ìbéèrè tí Bàbá Onírin ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má bi òun nìyẹn. Ó lè sọ pé kò sí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá sì sọ òótọ́, òní ni orúkọ rẹ̀ máa bàjẹ́ lẹ́nu gbogbo awakọ̀, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún un?

"Méje," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ ò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó kàn gbé fóònù lé e lọ́wọ́. "Ta lẹ máa kọ́kọ́ pè?"

Ó wo aago. Ó ti kọjá aago méjì. "Awakọ̀ iléèwé."

Kò pẹ́ tí onítọ̀hún fi gbé e. Ariwo ọmọdé kún inú ọkọ̀ náà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ja ìjà ìjókòó. "Bàbá Onírin! Bàbá wa! Mo ń kó àwọn ọmọ lọ sílé wọn ni."

"Dúró. Pa ọkọ̀ yẹn. Sítíárìn tí mo ṣe fún ẹ, kò dáa."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó le bí àpáta yìí? Ẹ má fi mí ṣeré, Bàbá. Mo fọkàn tán yín ju àwọn tó ṣe ọkọ̀ lọ."

Láti ọjọ́ tó ti di mẹkáníìkì ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn mọ́ ọn. Ó dé etí rẹ̀ báyìí, ó sì korò bí ewúro.

"Má fọkàn tán mi," ó ní. Kò bìkítà pé àna rẹ̀ ń gbọ́. "Mo bẹ̀ ẹ́, má fọkàn tán mi. Rọra dúró, kó àwọn ọmọ sílẹ̀."

Ẹ̀rín awakọ̀ dáwọ́ dúró. Bàbá Onírin tẹ fóònù mọ́ etí, kò mí, títí tó fi gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú, tí ilẹ̀kùn sì ṣí.