Ẹni Tó Ń Náwó sí Eré

Mẹ́ta péré ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà: télọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, àti wẹ́dà kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn a jókòó yí tábìlì ká nínú yàrá eré kan nílé ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n a máa sọ ìtàn ìlú kan tí kò sí níbì kankan, àwọn méjì yòókù a di jagunjagun inú rẹ̀, wọn a ta dáìsì láti mọ ẹni tó máa yè.

Ẹ̀gbọ́n ló ń náwó. Òun ló ra ìwé eré, òun ló ra àwọn ère kéékèèké tí wọ́n ń tò sórí tábìlì. Bí wọ́n bá ní kí àwọn dá nǹkan sí i, á ní, "Ẹ fi owó yín sápò. Ẹ ṣáà ti máa wá."

"Ọ̀gá, ẹ ò bá kúkú gbà wá síṣẹ́!" Ẹnu-dùn a dáhùn, wọn a bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, télọ̀ lọ mu omi tútù, kò bá fíríìjì mọ́; ẹ̀gbọ́n ti tà á. Nígbà tó yá, àga pálọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ. Yàrá eré nìkan ló ń kún sí i. Ẹ̀gbọ́n wá ní kí Ẹnu-dùn bá òun fi ilẹ̀kùn irin sí i, ó sì sanwó lójú ẹsẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ẹnu-dùn ní ìyàwó òun ti fẹ́ bímọ, òun ò ní lè máa wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó padà jókòó.

"Ìtàn ò tíì parí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Gbogbo ohun tí mo ní ló wà lórí tábìlì yìí."

Ojú Ẹnu-dùn yí padà. Òun ló fi iná jó irin ilẹ̀kùn yẹn pọ̀. Ó mọ̀ pé kò ṣeé fẹsẹ̀ já.

Ẹ̀gbọ́n ti dáìsì sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. "Ta á. Bó bá mú mẹ́fà, ẹ máa lọ."

Télọ̀ ò fọwọ́ kàn án. "Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò ṣeré mọ́. Èmi àbúrò yín ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, bí ẹni tí kò dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fún un, télọ̀ sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹnu-dùn sá jáde láìwẹ̀yìn. Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí àwọn jọ lọ sílé òun. Dáìsì ló dún lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n ti ń bá ìtàn lọ, ó ń fi ohùn Ẹnu-dùn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni télọ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ gan-an láti ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣèlérí pé òun ò ní lọ síbì kankan.