Pèrègún Lórí Ilẹ̀ Ìlú

"Ìyá Ṣàmsí, ẹ wá ṣàlàyé èyí fún mi," ni Bọ́láwájí wí. Ó na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sí ọgbà tó yí oko ẹ̀fọ́ náà ká, kò sì gbé ọ̀pá náà kúrò níbẹ̀.

Ràúdátù gbé bidọ̀n omi kalẹ̀ sáàárín ebè ẹ̀fọ́ gbòmà. Ó ti fi ìṣó gbígbóná lu bidọ̀n náà nídìí kí ó lè máa fi bomi rin ẹ̀fọ́, nítorí náà omi ń ṣàn jáde sí ojú kan, kò sì rántí pé ó yẹ kí òun gbé e. Bọ́láwájí ni olórí àdúgbò wọn ní Sakété, Dèlégé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kì í sì í ṣe ẹni tó ń jáde nílé kí oòrùn tó yọ láìnídìí. Yésúfù dúró lẹ́yìn rẹ̀, bàbá àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí oko náà. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ni ọ̀rọ̀.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni, Dèlégé?" Ràúdátù bi í. "Èyí tí ìyàwó yín wá já lánàá ńkọ́, ṣé kò dùn ni?"

Bọ́láwájí húkọ́ díẹ̀. "Ó dùn. Ẹ̀fọ́ kọ́ ni mò ń wí. Ọgbà ni. Igi wo lẹ fi ṣe é?"

Ràúdátù wo ọgbà náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Igi mọ́kànlélógójì ni ó rì mọ́lẹ̀ yí oko náà ká ní oṣù méjì sẹ́yìn, tí ó fi okùn so wọ́n mọ́ra. Nígbà náà, igi lásán ni wọ́n jọ. Òjò ti wá rọ̀ báyìí, orí gbogbo wọn sì ti yọ ewé gígùn, tútù yọ̀yọ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní Sakété tí kò mọ orúkọ igi yẹn.

"Pèrègún ni," ó wí.

"Ẹ ṣé. Mo ti rò pé ojú mi ló ń ṣe mí."

Yésúfù sún mọ́ wọn. "Ẹ̀fọ́, a kò bá ọ wí. Ọdún mẹ́ta ni o ti ń gbin ẹ̀fọ́ níbí, ta ló bi ọ́ léèrè? Ẹ̀fọ́ á kú. Ilá á gbó. Àgbàdo, a ó ya á jẹ. Ṣùgbọ́n pèrègún? Pèrègún á sìnkú ẹni tó gbìn ín, á tún jẹ́rìí fún ọmọ rẹ̀."

Bàbá náà kò parọ́. Bí wọ́n bá yá ènìyàn ní ilẹ̀ lágbègbè yẹn, láti Sakété títí dé Pobè, ó lè gbin ohunkóhun tí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ gbin ọsàn, nítorí igi tó bá pẹ́ nílẹ̀ á sọ àlejò di onílẹ̀. Pèrègún tún wá ju gbogbo igi lọ, torí òun gan-an ni ààlà. Kí ìwé tó dé, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ ilẹ̀, ìdí pèrègún ni àwọn àgbà ti ń parí ẹjọ́. Ẹni tó bá fi pèrègún yí ilẹ̀ ká kò nílò kó tún la ẹnu. Ó ti sọ pé tòun ni.

"Ewúrẹ́ ni mo fi ń lé," Ràúdátù wí. "Ewúrẹ́ yín náà ni, Bàbá Láyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jẹ ilá mi tán pátápátá."

"Ewúrẹ́ jẹ ilá, o wá gba ilẹ̀ ìlú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ó tó," ni Bọ́láwájí wí. "Ìyá Ṣàmsí, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú ní mérì. Ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn." Kò wo apá ibi tí Yésúfù wà. "Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ̀, Wilfried lorúkọ rẹ̀. Bí ó bá bá pèrègún yìí níbí, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ ìlú. Katakata ni wọ́n á gbé wá, wọn á ro gbogbo rẹ̀ dànù, àtẹ̀fọ́ àti pèrègún. Èmi ò sì ní lẹ́nu láti gbà yín sílẹ̀."

Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Àwọn méjèèjì yí padà, wọ́n lọ. Ìgbà yẹn ni Ràúdátù rí i pé omi bidọ̀n ti tán.

Kí Ràúdátù tó dé ibẹ̀, ààtàn ni. Ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ ọjà síbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan wá, ó na òpó mẹ́fà sókè, ó lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlá rèé. Àwọn ará àdúgbò kò kúkú jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣòfò: ibẹ̀ ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ẹni tí kò ní ṣáláńgá nílé náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ràúdátù gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó kẹta. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọdún kejì, wọ́n ń tọrọ gbòmà àti tẹ̀tẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, bí ọmọ kan bá ju ọ̀rá síbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbá a létí.

Òun náà ti ní oko rí. Takon ni oko Moussa ọkọ rẹ̀ wà, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó sì fi bá a ro ó. Moussa kú, a kò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tí àwọn àbúrò rẹ̀ ti ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń gé ilẹ̀ kọ́lé. Wọn kò bi opó léèrè. Ilẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù méjì sẹ́yìn, tí ó gbọ́ pé katakata ń bọ̀ wá ro ó. Ó gun zémìjàn lọ sí Takon tòun ti àdá. Pèrègún tí bàbá Moussa gbìn sí ààlà ni ó gé, ó dì í, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà sì ń ráhùn títí wọ́n fi dé Sakété.

Ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé igi tí òun fi máa lé ewúrẹ́ ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ yọ ewé, ó yẹ kí ó fà á tu lójú ẹsẹ̀, torí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ewé náà ń wí jù ú lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, omi ló lọ pọn wá. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà bí kò ṣe dùn láti ìgbà tí Moussa ti kú.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun aláàsárì, Zouleiha ìyàwó Yésúfù wá dá abọ́ tí Ràúdátù fi gbé ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí i padà. Ó fa àpótí, ó jókòó.

"Ìyá Ṣàmsí, igi mélòó ló wà ní Sakété?"

"Wọ́n pọ̀, Ìyá Láyọ̀."

"Kí wá ló dé tí kò sí èyí tó wù ọ́ àfi pèrègún?"

"Takon ni mo ti gé e wá. Ààlà oko Moussa ni." Omi lé ròrò sí i lójú. "Mo rò pé wọ́n á gbẹ ni."

"O kò rò bẹ́ẹ̀."

"N kò rò bẹ́ẹ̀," ó gbà.

Zouleiha kò bá a wí. Ó gbá eruku kúrò lára abọ́ náà, abọ́ tí kò ní eruku kankan. "Ṣé o mọ ẹni tó ni ilẹ̀ yẹn kó tó di tìlú?"

"Rárá o. Wọn kò tíì gbé mi ní ìyàwó wá síbí nígbà náà."

"Bàbá ọkọ mi ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò tà á. Ó ní kí wọ́n fi ṣe ọjà, kí àwa obìnrin àdúgbò yìí yé rìn jìnnà torí iyọ̀. Lọ́jọ́ tí ó fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fa pèrègún ààlà rẹ̀ tu lójú gbogbo èèyàn, ọkọ mi ló sì rù wọ́n. Bàbá dúró de ọjà títí ó fi kú. Bàbá Láyọ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn láràárọ̀, òpó mẹ́fà ló ń rí. Nígbà tí o gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, òun ló sọ fún mi pé, ó kúkú sàn, èèyàn ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ yìí, ó rí pèrègún ẹlòmíràn."

Ojú ti Ràúdátù. Òpó sìmẹ́ńtì tí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n rì sí oko Takon ló wá sí i lọ́kàn, àti bí inú rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí wọn. Kò fìgbà kan rò ó pé òun lè ṣe irú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

"Kí ni kí n wá ṣe, Ìyá Láyọ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo gbìn ín," Zouleiha wí. Ó dìde, ó sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Ràúdátù dì mọ́ èyí àkọ́kọ́. Ó ti ta gbòǹgbò, kò fẹ́ wá. Ó fọkọ́ wa ìdí rẹ̀, ó tún fà á. Nígbà tí ó dé orí ìkẹsàn-án, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yésúfù ni, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń wò ó. Bọ́láwájí náà dé láìpẹ́. Ojú àwọn méjèèjì ni ó ṣe fa gbogbo rẹ̀ tu, mọ́kànlélógójì, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

"Ewúrẹ́ wá ńkọ́?" Bọ́láwájí bi í.

Ràúdátù nu òógùn ojú rẹ̀. "Ebè mẹ́rin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, ibi tí wọ́n máa ń gbà wọlé, n kò ní gbìn ín mọ́. Ti Ìyá Láyọ̀ ni, ilá tó wà lórí rẹ̀ náà sì di tirẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e, ti ìyàwó yín ni, Dèlégé. Ẹni tó bá tún fẹ́, kó mú ọkọ́ wá."

Bọ́láwájí bú sẹ́rìn-ín. Yésúfù kò rẹ́rìn-ín. "Kí ewúrẹ́ mi lè wá máa jẹ ilá ìyàwó mi, àbí?"

"Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n wá, Bàbá."

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Wilfried gun alùpùpù dé pẹ̀lú ìwé lábíyá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ọgbà tí wọ́n ní kó wá wò, kò rí ju ihò àti òkìtì igi kan lọ. "Bọ́sùú o, màmá," ó kí Ràúdátù. "Wọ́n ní ẹnìkan ti pààlà síbí. Ta ló ni oko yìí?"

Bọ́láwájí ti ń la ẹnu, ṣùgbọ́n Yésúfù ló yára jù ú lọ.

"Ti àdúgbò ni. Ìyàwó mi ní ebè mẹ́rin níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mú ọjà dé, a ó hú ẹ̀fọ́ wa. Ìyẹn ni kí o kọ."

Wilfried sì kọ ọ́. Nígbà tó ń lọ, Bọ́láwájí já gbòmà fún un, ó ní kí ìyá rẹ̀ bá a sè é.

Yésúfù bẹ̀rẹ̀, ó mú pèrègún kan láti orí òkìtì náà, ó fi àtàńpàkò nu erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò funfun tó wà nídìí rẹ̀. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ti bàbá mi," ó wí. "Igi yìí kì í wúwo. Àmọ́ ó wúwo lọ́jọ́ náà." Ó gbé e lé Ràúdátù lọ́wọ́. "Má ṣe sọ wọ́n sílẹ̀ o. Wọ́n á tún hù."

Èyí tí bàbá náà gbé lé e lọ́wọ́ nìkan ni Ràúdátù gbìn padà. Ibi orí sàréè Moussa lẹ́yìnkùlé ni ó rì í sí, ibi tí kò sí ẹni tó máa bá a dù ú. Ìyókù, ó tò wọ́n sórí páànù kí oòrùn lè pa wọ́n.

Nígbà tí ó máa fi dé oko ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ariwo ewúrẹ́ ti gba àdúgbò kan. Méjèèje ló wà lórí ìso níwájú ilé Yésúfù, okùn tuntun, wọ́n ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ràúdátù dúró, ó wò wọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé bidọ̀n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin oko, láti orí ebè Zouleiha.