Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá

Píkọ́ọ̀pù wa kì í ṣàìsàn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣófo, kò sí ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n rìn tó o ní gbogbo Chanthaburi, ìpínlẹ̀ wa ní Thailand. Ṣùgbọ́n ẹ di ẹrù sí i, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wa: iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, agbára á tán nínú ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á sì máa fà bí ìgbín. Tuntun la rà á o. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Dao, ọkọ mi, wà á lọ sílé iṣẹ́ tó tà á fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, tí wọ́n wà á yí ọgbà wọn po lófìfo, tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ọkọ mi ní kí àwọn jọ di ẹrù sí i, kí àwọn jọ gun òkè. Wọ́n ní ìlànà àwọn kò gba bẹ́ẹ̀. Ìlànà! Ọkọ̀ ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹrù dán wò.

Samruai, aládùúgbò wa, ra irú rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí a ra tiwa.

"Ìyá Dao, tiyín ṣì ń fà?" ó bi mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dúpẹ́. Tèmi ti jókòó pátápátá."

Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ mi bá lọ, ọmọbìnrin kan láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà á pè mí, nítorí nọ́ńbà tèmi ló wà lọ́wọ́ wọn. Pim lorúkọ rẹ̀.

"Àǹtí Duan, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ọkọ̀ ti dáa báyìí, mà?"

"Ó ń gbìyànjú."

"Ẹ ṣé o. Àwọn ọ̀gá wa lókè máa pè yín lọ́la, wọ́n á ní kí ẹ fún wa ní máàkì nínú mẹ́wàá. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, tó bá fi lè dín ní mẹ́wàá, èmi ni wọ́n máa fìyà jẹ. Ara màmá mi ò sì yá."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi."

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tó máa sọ mẹ́rin? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ síta gbangba, òun gan-an lojú ń tì. Nígbà tí wọ́n pè, mo ní mẹ́wàá. Wọ́n bi mí bóyá ìṣòro ọkọ̀ náà ti yanjú, mo ní ó ti yanjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò sọ ọ́ fún Bàbá Dao, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ ni àkókò ìkórè dé. Ọdún mẹ́fà la fi tọ́ igi dùríànì wa, èso ńlá ẹlẹ́gùn-ún tó ń mówó wọlé. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, èmi àti ọkọ mi la ń ru omi sí ìdí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọdún yìí ni wọ́n kọ́kọ́ so dáadáa. Bàbá Dao kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gé e. Tí a bá sì ti gé dùríànì tán, kò gba ìdúró: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kọntéńà tó ń gbé e lọ sókè òkun máa pa ilẹ̀kùn. Òmíràn di ọjọ́ mẹ́rin sí i, kí ó tó dé èso á ti là.

Ẹ ti mọ ibi tí ọkọ̀ kú sí. Ní àárín òkè. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ fà mọ́. Mo pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ọkọ̀ oníkálukú wà lẹ́nu ìkórè tirẹ̀. Aago mẹ́rin lù lójú wa. Nígbà tó ṣe, wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ sílé iṣẹ́ tòun tèso lẹ́yìn.

Ọ̀gá ibẹ̀, Wirot, gbà wá tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Bàbá, àsìkò tá a fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ti parí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e wá kó tó parí!"

"Òótọ́ ni, sà. Ká ní ó wà lákọọ́lẹ̀ pé kò yanjú, à bá tún un ṣe lónìí. Àmọ́ ẹ wò ó." Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa. "Mẹ́wàá. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá. 'Ìṣòro ti yanjú.' Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi kọ́. Ẹnikẹ́ni ò pè mí."

Wirot ka nọ́ńbà náà síta. Bàbá Dao mọ̀ ọ́n lórí. Ó yíjú sí mi.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Èmi ò kọ̀. Mo wo ọmọbìnrin kan lẹ́yìn tábìlì, orúkọ Pim wà lára káàdì àyà rẹ̀, ó dorí kodò. Mo nawọ́ sí i.

"Bàbá Dao, wọ́n ní wọ́n máa fìyà jẹ ọmọ yẹn ni…"

Ó wo Pim, ó wò mí. "Ká ní èmi ni wọ́n pè," ó ní, "mẹ́wàá náà ni ǹ bá sọ."

Ìbá sàn fún mi kó bú mi.

A jáde síta lọ bá èso wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ti pé lé e lórí. Wirot tẹ̀lé wa, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún ọkọ mi bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílẹ̀ wa.

"Ó dùn mí gan-an, Bàbá." Ó wo inú ọkọ̀. "Èwo ló máa kọ́kọ́ pọ́n nínú ẹ̀? Ìyàwó mi fẹ́ràn ẹ̀ jù."

Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí ọkọ mi kọ̀. Mo gbà á tọkàntọkàn. Bàbá Dao mú igi kékeré kan, ó ń fi lù wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí ìró tó ń sọ bí wọ́n ti gbó tó, títí ó fi rí èyí tó dára jù lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ má là á lónìí o," ó ní. "Ó di ọ̀túnla, lọ́wọ́ ọ̀sán."