Ìwé Ẹlẹ́rìí Yàrá 1714

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Bohannon fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn yàrá 1714. Kí ìró rẹ̀ tó rọlẹ̀, ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn sí Eulalia.

"Káàdì, Màmá. Ṣe kíá."

"Ìgbà mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ kàn án," Eulalia wí. "Ẹni yìí sì gbé 'ẹ má yọ mí lẹ́nu' kọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀."

"Ta ló bi ọ́?"

Ọmọ tí Eulalia lè bí ni, ṣùgbọ́n ó fún un ní káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Eulalia ti fi ń tún yàrá ṣe ní Hòtẹ́ẹ̀lì Marabel ní Las Vegas, kò sì sí àlejò tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn rí. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn háákà, àwọn tí ń wá àlàfo tí èèyàn lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà, ti dé fún àpéjọ ọdọọdún wọn, jìnnìjìnnì sì ti bo àwọn ọ̀gá. Wọ́n gba àwọn ẹ̀ṣọ́ láti ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n máa wọ gbogbo yàrá lójoojúmọ́, àlejò ìbáà fẹ́ ìbáà kọ̀. Kí ẹnu má baà kùn wọ́n, wọ́n fi òfin kan kún un: obìnrin kan gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n, kó sì fọwọ́ síwèé pé wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, pé wọ́n dárúkọ ara wọn, pé àlejò gbà kí wọ́n wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, Bohannon tẹ́ ogójì ìwé bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀wà àti dòdò Eulalia.

"Fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀ báyìí, ká má bàa máa dúró kọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan."

Ó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Adójútòfò ìlera tí iṣẹ́ yìí fún un ló ń sanwó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ fún ọkọ rẹ̀, Rigoberto, tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ kì í bá ẹ̀ṣọ́ jiyàn lórí bébà.

Bohannon fi káàdì ṣí ilẹ̀kùn 1714 díẹ̀, irin tí wọ́n fi há a láti inú sì dá a dúró. Ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan jáde.

"Ta nìyẹn? Mo wà nínú balùwẹ̀! Ẹ dúró!"

"Ẹ̀ṣọ́ ni. Ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ dárúkọ yín, kí n pe àwọn tó ń gbàlejò nísàlẹ̀."

Dípò orúkọ, Bohannon fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń yára sí i. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní àwọn ò rán ẹnikẹ́ni wá síbí o! Ẹ máa lọ!"

Òótọ́ ni, nítorí kò sẹ́ni tó sọ àwọn yàrá tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Eulalia mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ inú yàrá kò mọ̀. Trey, ìkejì Bohannon, ti fi irin pẹlẹbẹ kan bọ àlàfo ilẹ̀kùn. Irin inú yẹ̀, wọ́n sì ya wọlé.

Ọmọ náà dúró láàárín yàrá, tówẹ̀lì lára, omi ń kán láti irun rẹ̀. Maren Halvorsen ni orúkọ tó wà lórí ìwé yàrá rẹ̀. Wáyà kún orí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú irin kékeré tí wọ́n fi ń yọ́ òjé láti lẹ wáyà pọ̀. Trey bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò wọn. Bohannon ṣí àpò ọmọ náà, ó ń fi ìka tú aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jẹ́ kó wọṣọ ná," Eulalia wí.

"Màmá, iṣẹ́ tìẹ ni kó o dúró. Dúró."

Maren yíjú sí i.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òṣìṣẹ́ ibí ni wọ́n lóòótọ́?"

Ìtìjú bo Eulalia. Bọ́tìnnì pupa kan tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jà fitafita kí wọ́n tó rí gbà, fún ọjọ́ tí ọkùnrin bá ká obìnrin mọ́ yàrá. Kò lò ó rí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìbàdí Bohannon ló ké. Rédíò tó so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ń pariwo: "Obìnrin kan nílò ìrànlọ́wọ́ ní 1714! Ẹ̀ṣọ́ tó bá wà nítòsí, kó sáré débẹ̀!"

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bohannon gbé rédíò sẹ́nu, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Eulalia.

"Èmi ni mo wà nítòsí. Kò sí nǹkan kan."

Trey bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí Rigoberto fi bá Eulalia ní ilé ìdáná, tó jókòó ti kọfí tó ti tutù.

"Lalia, o ò sùn."

"Ọmọ yẹn ti fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí."

Ọkọ rẹ̀ ń fọwọ́ pa apá tí wọ́n máa ń gún lábẹ́rẹ́.

"Ohun tó o bá rí ni kó o sọ," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb, ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì, kò pariwo. Ó rọra ti ìwé kan síwájú Maren.

"Wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dárúkọ, ẹ sì gbà kí wọ́n wọlé. Ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i."

Maren wo ìwé náà, ó wo Eulalia. "Mà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí eléyìí?"

Eulalia rí lẹ́tà ńlá tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe fi èédú kọ́ ọ lára ògiri ní Chalatenango, ìlú tó ti dàgbà. Ó ronú kan ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ Rigoberto. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Èmi ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Wọn ò kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò dárúkọ. Ọmọ yìí sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró."

Bohannon, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ń wo èékánná rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí irọ́ nìyẹn?" Whitcomb béèrè.

"Ó ní kí n fọwọ́ sí i ni."

"Mélòó?"

"Ogójì."

Whitcomb kọ ọ́ sílẹ̀. "Ilé iṣẹ́ yìí kì í gba ayédèrú ìwé láyè. Ẹ fi káàdì yín sílẹ̀."

Maren fò dìde. "Ẹni tó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Ìyá yìí fẹnu ara ẹ̀ sọ pé irọ́ lòun fọwọ́ sí lánàá. Ta ló máa gba tòní gbọ́ lẹ́nu ẹ̀? Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yín ò ní ẹlẹ́rìí."

Eulalia gbé káàdì sórí tábìlì, ó bọ́ bọ́tìnnì pupa lọ́rùn, ó gbé e tì í. Kò sọkún níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kó aṣọ rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì gba ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun kọjá. Bohannon ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Consuelo, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ lóṣù tó kọjá, jókòó níwájú rẹ̀, bọ́tìnnì pupa tirẹ̀ lọ́rùn, báírò lọ́wọ́, òkìtì ìwé ẹlẹ́rìí láàárín wọn.

"Èwo ni kí n fọwọ́ sí, sà?" ó béèrè.

"Gbogbo ẹ̀," Bohannon wí, ó sì bá a gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kúrò kí àyè lè wà.