Àga Lẹ́yìn Ògiri

"Èyí tó wọ́n jù ni kí táǹkì yìn lọ́la. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Ọ̀gá ti ìwé ìpolówó ọta táǹkì tuntun kan síwájú Sájẹ́ǹtì lórí tábìlì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Sájẹ́ǹtì ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe ń yin ìbọn táǹkì. Ti Ọ̀gá, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń gbé e láti ipò dé ipò. Ìgbà tó sún mọ́ táǹkì jù ni ọjọ́ tó dúró tì í ya fọ́tò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ń yan ọta.

Àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ wá wòran. Táǹkì yóò yìnbọn lu iwájú ilé búlọ́ọ̀kù kan nínú pápá, ọmọ ogun mẹ́fà tó lúgọ sẹ́yìn ilé náà yóò sì rọ́ wọlé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kó yá bíi fíìmù.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, sà," Sájẹ́ǹtì wí. "Abẹ́rẹ́ la máa ń pe ọta yìí. Irin gígùn tó wúwo ni, kò sí ohun tó ń bú nínú ẹ̀. Táǹkì bíi tiwa ni wọ́n ṣe é fún, kó lè lu irin tó nípọn já. Tó bá kan ògiri búlọ́ọ̀kù, ihò kékeré ló máa dá sí i. Á gba inú yàrá kọjá, á lu ògiri ẹ̀yìn, á sì máa lọ. Àwọn mẹ́fà yẹn ló máa bá lọ́hùn-ún."

"Ṣé o ò rí ohun tí wọ́n kọ síbí ni? Òun ló lágbára jù."

Ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀ ló ń bá a sọ "o" yẹn. Sájẹ́ǹtì gbé e mì.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, sà. Ọta abúgbàù la fi ń wólé. Ara ògiri ló ti máa bú, ọ̀nà á sì ṣí. Òun ni kẹ́ ẹ fún mi, ká sì kó àwọn ọmọ yẹn lọ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ògiri méjì ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ á gbà á dúró. Oṣù mẹ́ta ló kù kó o fẹ̀yìn tì, àbí o fẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ò gbọ́ràn?" Ó yíjú sí akọ̀wé tó ń tẹ àṣẹ ọ̀la. "Máa tẹ̀ ẹ́."

Akọ̀wé dáwọ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ̀ ló ṣíwájú àwọn mẹ́fà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ ọkùnrin náà láàárọ̀.

"Ọ̀gá, ọkọ mi wà níbẹ̀, sà."

"Ọmọ ogun ni ọkọ rẹ. Máa tẹ̀wé."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ padà sórí kọ̀ǹpútà. Sájẹ́ǹtì wò ó, ó wo Ọ̀gá, inú sì bí i débi tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀.

"Ó dáa, sà. Ẹ ti ní ògiri àkọ́kọ́ á gbà á dúró. Ìyàwó wa, fi kún un pé ká gbé àga Ọ̀gá sẹ́yìn ilé, láàárín àwọn ọmọ mẹ́fà."

"Èmi kẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ni mo máa jókòó sí."

"Inú àwọn àlejò á dùn tí wọ́n bá rí yín tẹ́ ẹ ṣáájú ọmọ ogun wọlé. Ògiri ṣáà wà níbẹ̀."

Ọ̀gá gbé ìwé ìpolówó náà, ó ṣí i, ó tún pa á dé. Òógùn bo imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń ṣiṣẹ́.

"Ihò tó ń dá yẹn," ó wí, "báwo ló ṣe máa ń tóbi tó?"

"Kò tóbi, sà. Kò ju ìkúùkù lọ. Àyà èèyàn náà ò tóbi."

Ọ̀gá ò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Kọ abúgbàù. Kí àwọn ọmọ wà nínú kòtò. Kọ ọ́ pé èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀."

Sájẹ́ǹtì ti ń pè é ní òpè lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti ṣì í pè. Òpè ì bá gbà kí wọ́n gbé àga òun lọ sẹ́yìn ilé.

"Kọ ọ́ bó ṣe wí, ìyàwó wa," ó ní.

Obìnrin náà ti tẹ̀ ẹ́ tán kí Sájẹ́ǹtì tó sọ ọ́.